Lábẹ́ Fèrèsé

Ó pẹ́ tí onígbàjámọ̀ ti ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú lápò, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹni tí yóò dupò ààrẹ. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ń tilẹ̀kùn mọ́rí ṣe é. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Kò sọ ẹni tí kó tẹ̀ lé.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọ́n ti ń ṣe é ládùúgbò wọn. Kò sí àpótí ìbò. Ibi tí o bá dúró sí ni ìbò rẹ. Ẹni mẹ́ta ló ń dupò. Àwọn ti Gómìnà dúró níbi pátákó, àwọn ti Ọ̀jọ̀gbọ́n níbi ilẹ̀kùn. Àwọn ti Dókítà wà lábẹ́ fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ọ̀wọ́ tí kò bá pé ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tú nìyẹn, ẹni tí wọ́n dúró fún sì ti jáde nínú ìje. Ṣùgbọ́n kí kíkà tó parí, ẹsẹ̀ ẹni ṣì lè yí padà.

Onígbàjámọ̀ ń kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́. Ó bi àwọn ti Gómìnà pé kí ló gbé wọn débẹ̀. Ẹlẹ́ran, oníbàárà rẹ̀, ní Gómìnà ló máa wọlé. Onígbàjámọ̀ ní bí wọ́n bá ti mọ ìyẹn, kí ni wọ́n wá dúró ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ àwọn ti Ọ̀jọ̀gbọ́n, àlàyé gùn débi pé ó gbàgbé ìbéèrè rẹ̀.

Ooru mú un. Ó lọ gba atẹ́gùn lábẹ́ fèrèsé. Ẹni tó ń kà kà á mọ́ wọn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sókè. "Ẹ yọ bàbá àwọn ọmọ mi kúrò. Ìran ni wọ́n wá wò."

Ó wá ku ẹnì kan kí wọ́n tó pé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kùn pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ da omi wọn nù.

"O ò fẹ́ kí Dókítà dúró ni?" ni onígbàjámọ̀ bi í.

"Mo fẹ́ ẹ. Ó wá sí ọsibítù wa, ó bi wá ní ìbéèrè, ó sì jókòó gbọ́ ìdáhùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í jí èèyàn kà fún un."

Onígbàjámọ̀ rìn lọ sáàárín gbọ̀ngàn, níbi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tó ti béèrè láti àárọ̀, èyí nìkan ló ní ìdáhùn.

Ẹlẹ́ran juwọ́ sí i. "Máa bọ̀ níbí, àbí kí n máa gbé orí mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn?"

"Orí rẹ ò sí nínú ẹgbẹ́. Gbé e wá lọ́la."

Ó padà sábẹ́ fèrèsé, ó dúró ti ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá, ẹ kà mí."

Ti Gómìnà ló ṣì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Dókítà wà nínú ìje.