Ohùn Tó Ń Sáré

Ohùn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè rọ́ lu etí Elétí-Ehoro bí òjò yìnyín lórí páànù: àkọlé, bọ́tìnnì, àpótí orúkọ, àpótí ọjọ́ orí, gbogbo rẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ó gbọ́ ọ kedere. Ìyẹn gan-an ló mú kó dá ọwọ́ dúró.

Ó yọ íápíìsì létí. "Àbúrò, ta ló jókòó síbí ṣáájú mi?"

"Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, mà," ni oníṣẹ́ tó kọ́ ìkànnì náà dáhùn. "Èmi nìkan ni mò ń lo kọ̀ǹpútà yẹn."

Irọ́ gbuu. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Elétí-Ehoro kò ti ríran mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa yẹ ìkànnì wò bóyá afọ́jú lè lò ó. Ó mọ àwọn olójú. Bí wọ́n bá fẹ́ dán ohùn yìí wò, wọ́n á dín eré rẹ̀ kù títí yóò fi máa wọ́ bí ọmọdé tó ń kọ́ ábídí, síbẹ̀ wọ́n á ní kò yé àwọn. Eré àsápajúdé báyìí, ẹni tó ń fi etí jẹun ló ni í. Afọ́jú kan ti jókòó sórí àga yìí. Ó ti rí àlèébù, ó ti kọ̀ láti buwọ́ lùwé pé ìkànnì náà dára, wọ́n ti lé e dànù, wọ́n wá ránṣẹ́ pe èyí tí wọ́n rò pé yóò rọrùn láti tàn.

Wọ́n kúkú ti tàn án rí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ó buwọ́ lùwé pé ìkànnì ilé iṣẹ́ kan dára. Oṣù kan ò pé tí wọ́n fi yí gbogbo rẹ̀ padà, tí bọ́tìnnì ò dárúkọ ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìwé tó buwọ́ lù ṣì wà lára ògiri wọn. Àwọn afọ́jú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò bá ilé iṣẹ́ náà jà. Òun ni wọ́n bá jà. "Ó fi etí wa tọrọ ojúrere," ni wọ́n ń wí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, ekòló lásán tó bá fà kọjá, sísá ni. Ìkànnì tibí yìí sì tún wá jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Àìsàn kì í dúró de ẹni tó ń wá bọ́tìnnì kiri.

Ó ki íápíìsì bọ etí padà, ó ń tú ìkànnì náà wò bí ẹni ń tú ẹrù olè. Kò rí àlèébù. Ẹ̀yìn àwòrán pàápàá, níbi tó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún afọ́jú, tí àwọn mìíràn máa ń kọ "àwòrán" lásán tí wọ́n á gbọn ọwọ́ nù, ohun tó gbọ́ níbẹ̀ ni pé: nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú ilẹ̀kùn, irin ìdìmú wà lápá ọ̀tún.

Ta ní í ka àtẹ̀gùn, bí kì í ṣe ẹni tó ti fi orúnkún gbá a rí?

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ tí ojú rẹ ń bẹ lórí gbọingbọin?"

Kíbọ́ọ̀dù ọkùnrin náà dákẹ́.

"Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò rí tìẹ, àbúrò, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ ń pariwo."

"Ẹ jẹ́ n lọ mú ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù wá, mà."

Ó gbọ́ bó ṣe dìde. Ìka rẹ̀ ń ha létí tábìlì, ó dúró níbi igun, lẹ́yìn náà ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ọgbọọgba. Àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri kó tó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Bí Elétí-Ehoro fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn nílé onílé nìyẹn. Ó wá rántí pé láti àárọ̀, nídìí kọ̀ǹpútà kejì, kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń dún lábẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí. Máòsì ò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú rẹ, báwo ló ṣe kù tó?"

Ọkùnrin náà gbé bébà padà wá sórí tábìlì. "Àárín nìkan ló kù, mà. Bí ẹni ń yọjú wò láti inú ihò kọ́kọ́rọ́."

"Ọ̀gá rẹ mọ̀?"

"Tó bá mọ̀, ọ̀la ni wọ́n á gba ẹlòmíràn."

Bàtà ọ̀gá ti ń dún bọ̀. "Màmá, ṣé kò sí wàhálà? Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ohùn tí gbogbo yín ń sọ yìí." Ó ti na ọwọ́ sí íápíìsì.

Eré oníṣẹ́ náà ṣì ni ohùn náà ń sá.

"Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n nu ìdọ̀tí etí mi kúrò lára ẹ̀." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń nu íápíìsì; tòsì ń tẹ bọ́tìnnì tó ń dín eré kù, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí ohùn náà fi ń wọ́ bí ìgbín. Ó wá gbé e fún un.

"Háà! Ó mà ń falẹ̀ o. Báwo lẹ ṣe ń fara dà á?"

"Ó ti mọ́ wa lára. Ẹ gbọ́, lóṣù tó ń bọ̀ mo máa padà wá, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá lé ẹni tó kọ́ ìkànnì yìí, mo yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ta ló fẹ́ lé e?"

Elétí-Ehoro fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ó fọwọ́ wá ibi tí yóò buwọ́ lù. Àwọn olójú a máa fa ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Lórí ìwé yìí, ẹnì kan ti rọra gbé rúlà sábẹ́ ìlà náà, kí ìka lè fi í mọ̀nà.