Ọwọ́ Òsì Ọ̀gá Àwòdì

“Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí òkun,” Ọ̀gá Àwòdì wí, “ẹnu mi yìí ni mo yọ síta ní fèrèsé. Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà, fúù, fúù, títí a fi dé èbúté. Àwọn èrò ẹ̀yìn ò tiẹ̀ jí lójú oorun.”

Yàrá tí a ti ń mu tíì ló ti ń sọ ọ́, láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Èmi nìkan ni mo dá a lóhùn, torí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ fi símẹ́ńtì dí i.

“Ọ̀gá, ó dájú pé ẹ fọ eyín lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́ ni, gbogbo ẹja inú òkun ì bá ti léfòó.”

“Ìwọ atẹ-bọ́tìnnì yìí, bọ́tìnnì nìkan lo mọ̀. Kí lo mọ̀ nípa ojú ọ̀run?”

“Mi ò mọ nǹkan kan, sà. Ilẹ̀ ni mo mọ̀, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo yín ń padà wá.”

Atẹ-bọ́tìnnì ni mí lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ wa ni àwọn páílọ́ọ̀tì hẹlikópítà ti ń ṣe ìdánrawò, nínú ẹ̀rọ ńlá kan tí gbogbo wa ń pè ní Àpótí. Inú rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí iwájú hẹlikópítà: ìjókòó, ọ̀pá, aago, àti fèrèsé tó jẹ́ pé sinimá ni òkun tó wà níta rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin ló gbé e dúró, àwọn ẹsẹ̀ náà sì lè gbọ̀n ọ́n débi pé ẹ̀dọ̀ èèyàn á lọ ṣe àlejò lọ́dọ̀ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ̀yìn páílọ́ọ̀tì ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi. Mo ń fi bọ́tìnnì dá ìjì sílẹ̀, mo ń fi bọ́tìnnì pa ẹ́ńjìnnì. Ojoojúmọ́ ni mo ń pa èèyàn kí n tó mu tíì, wọ́n á sì dìde wá kí mi pé ẹ kú iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí Àpótí wà fún ò lọ́jú pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ọ̀run, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á máa yí abẹ̀bẹ̀ orí náà, wọ́n á sì rọra balẹ̀. Bó bá falẹ̀, abẹ̀bẹ̀ á dúró, hẹlikópítà á di òkúta.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà páílọ́ọ̀tì ti dá àṣà kan sílẹ̀. Bí nǹkan bá ti le, wọ́n á nawọ́ sókè, atẹ-bọ́tìnnì á sì dá gbogbo ẹ̀ dúró. Òkun á dúró, ìjì á dúró, ọ̀gá á nu àágùn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ yìí ni Àwòdì fi ń pàsì láti ìgbà tí ìyá Nóà ti wà lọ́mọge. Ọwọ́ wo ló wá ń nà? Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ tó yẹ kó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ gan-an ni.

Mo ti sọ ọ́ fún Màdáàmù Ààbò, ọ̀gá tó ń rí sí i pé ẹnikẹ́ni ò farapa lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin yìí ti lẹ ÀÀBÒ LÓ ṢÁÁJÚ mọ́ ara ògiri débi pé ògiri ò rí imú mí. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Bí o bá sùn lọ lọ́fíìsì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ níwájú orí.

“Má yọ mí lẹ́nu,” ló wí. “Àgbà ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fò ni?”

Láyé ọjọ́sí, ǹ bá fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ìfun mi á fi ta kókó. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, nọ́ọ̀sì ni, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sídìí hẹlikópítà tó ń gbé aláìsàn. Bí Àwòdì bá pàsì lónìí, lọ́la ni wọ́n á jọ gbéra. Nọ́ọ̀sì tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́. Òun àti Àwòdì ni wọ́n jọ já lulẹ̀ létí òkun. Àwòdì ní atẹ́gùn ló fà á. Ilé iṣẹ́ náà ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn ò ní lọ́yà, ló bá jẹ̀bi.

Àbúrò mi wá wo ìdánwò náà. Ó jókòó tì mí nínú Àpótí, ó de bẹ́líìtì.

“Bùọ̀dá mi,” ó sọ sí mi létí, “ṣé ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n wà?”

“Ó ní ẹnu lòun fi ń wà á.”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń bi yín ni.”

Mo wá àwàdà tì. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ọjọ́ tí mo ti hu eyín.

A gbéra. Òkun inú sinimá tẹ́ lọ rẹrẹ. Àwòdì ń súfèé, ó nà gbalaja sórí ìjókòó bí ẹni tó ra ojú ọ̀run fún ìyàwó rẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì.

Aago ìkìlọ̀ han. Ọwọ́ òsì Àwòdì fi ọ̀pá sílẹ̀, ó lọ sókè, ó dúró síbẹ̀ bí ọwọ́ ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ lọ tọ̀. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì, mo fi ìdí jókòó lé wọn.

“Dá a dúró!”

Mo túbọ̀ fi ìdí tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀.

“Atẹ-bọ́tìnnì! Ṣé o ò rí ọwọ́ mi ni?”

“Mo rí i, ọ̀gá. Òkun ni ò rí i.”

Àpótí fì, ó dojú kọlẹ̀. Àbúrò mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọlé débi pé òun àti egungun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ara wọn.

“Ọ̀pá yẹn, sà! Ẹ tẹ ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀!” àbúrò mi pariwo.

Dípò kó tẹ̀ ẹ́, ó na ọwọ́ kejì sókè. Ẹ sáà rò ó wò: hẹlikópítà ń já bọ̀, ọwọ́ awakọ̀ méjèèjì sì wà lókè bí ẹni tí olè dá lọ́nà. Òkun dé. Ojú fèrèsé pọ́n kankan, àmì pé gbogbo wa ti kú, gbogbo nǹkan sì pa lọ́lọ́.

Màdáàmù Ààbò já ilẹ̀kùn wọlé. Èmi ló kọjú sí.

“Kí ló dé tí o ò dá a dúró?”

“Mo fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ń lọ ni, Mà.”

“Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló bàjẹ́,” Àwòdì wí, àágùn ń ro tótó ní àgbọ̀n rẹ̀. “Ní ojú ọ̀run gangan, ìka kékeré kan péré ni mo máa ń fi…”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Àbúrò mi ti tú bẹ́líìtì. Kò pariwo mọ́. “Mo lọ kí nọ́ọ̀sì yẹn lọ́sibítù. Mo bi í pé kí ló rí kí ẹ tó já lulẹ̀. Ó ní ẹ na ọwọ́ òsì sókè, ẹ ò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó rò pé ẹ ń dágbére fáyé ni. Lòun náà bá juwọ́.”

Màdáàmù wo ọwọ́ Àwòdì. Àwòdì náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ta lẹ ń nawọ́ sí lọ́jọ́ náà, sà?” àbúrò mi bi í. “Ta ló wà lẹ́yìn yín níbẹ̀ tó fẹ́ bá yín dá a dúró?”

Àwòdì la ẹnu. Mo rí irọ́ náà bó ṣe ń bọ̀, irọ́ tó sanra bí erinmi, àmọ́ kò gba eyín kọjá. Ló bá ti Màdáàmù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fo àtẹ̀gùn Àpótí kalẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀.

“Ọ̀gá Àwòdì!” Màdáàmù ń pariwo. “Èèwọ̀ ni eré sísá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀!”

Kò wẹ̀yìn. Ó gba ẹnu ọ̀nà yọ, ó kọjá lára mọ́tò ara rẹ̀ bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọlọ́dẹ ẹnubodè lọ. Ẹ̀rọ tí páílọ́ọ̀tì fi ń gbọ́rọ̀ ṣì dé e létí, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e lójú títì, ó sì ń sá lọ.