Ẹrù Ẹni Tó Bá Borí

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ibi tí mò ń gbé báyìí sì jìnnà réré sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn taya tó gbóná, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí. Awakọ̀ eré-ìje ni. Èmi ni mẹkáníìkì rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú: kó kọjá lábẹ́ asíá ìparí ṣáájú gbogbo ènìyàn, lẹ́ẹ̀kan péré. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá a.

Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o. Òfin ni kò jẹ́.

Bí ìdíje náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Àwọn bàbá márùn-ún láti orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ń jẹun nídìí tábìlì kan, kálukú ń búra pé ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ tòun ló lè sáré jù. Kí wọ́n tó jẹun tán, wọ́n ti di ìgbìmọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tí bàbá ilé ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni kó díje, èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin àti búùtù. Wọ́n pè é ní Ìdíje Àgbáyé. Lọ́dún kejì, orílẹ̀-èdè kan bínú kúrò, wọ́n bá yí orúkọ rẹ̀ sí Ìdíje Gbogbo Àgbáyé. Nígbà tó ṣẹ́ ku mẹ́ta, ó di Ìdíje Gbogbo Àgbáyé Pátápátá.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló borí nínú gbogbo eré. Ó sú àwọn òǹwòran. Wọ́n ń lọ sílé kí eré tó parí. Ìgbìmọ̀ bá ṣòfin: ẹni tó bá borí lónìí, irin ogójì kílò ni wọ́n máa dè mọ́nú ọkọ̀ rẹ̀ fún eré tó ń bọ̀, kí ọkọ̀ náà wúwo, kí àwọn yòókù lè bá a. Bó bá tún borí, wọ́n á fi òmíràn kún un.

Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọ̀gá tó ni ọkọ̀ fi rí i pé ẹni tó bá ń ṣe ipò kejì kì í ru irin, máàkì rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lópin ọdún ló ń gba ife ẹ̀yẹ. Bí ìborí ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń sá fún nìyẹn. Ọ̀gá tiwa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í bọ́ gíláàsì dúdú, máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nínú rédíò etí:

"Ipò kejì o! O ò gbọ́dọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Gbogbo pápá ń pè é ní Igbákejì. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ò jẹ́ kó sinmi. "Ọkọ mi, oúnjẹ ti délẹ̀. Àbí ká pe aládùúgbò kó kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ má baà ru irin?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ bi í pé, "Bàbá, ta ni ẹ máa ń dúró dè lójú ọ̀nà yẹn?" Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ fọ ọkọ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Eré tó kẹ́yìn ọdún kọkànlá ló kù. Dókítà ti wo ojú rẹ̀, ó ní òun ò ní buwọ́ lu ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi sọ fún.

"Àbúrò, bí mi ò bá borí lónìí, ó parí nìyẹn."

"Ọ̀gá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé ọ̀gá máa bá mi jókòó nínú ọkọ̀ ni?"

Mi ò rántí bóyá nọ́ńbà ọkọ̀ wa jẹ́ mẹ́rìndínlógún tàbí mọ́kàndínlógún. Ohun tí mo rántí ni pé ní ìyípo tó kẹ́yìn, ọkọ̀ mẹ́rin ló jọ yọ ní kọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe ìkẹrin. Èyí tó ṣáájú dẹ ẹsẹ̀. Ẹnì kejì náà dẹ ẹsẹ̀. Ẹnì kẹta tan iná ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó fẹ́ páàkì. Nígbà tí wọ́n fi sún mọ́ ìlà ìparí, àwọn mẹ́ta iwájú ti dúró gbagidi, wọ́n yọ orí síta.

"Ẹ máa lọ, bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Áà, ọmọ mi, ìwọ lo kọ́kọ́ débí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnjìnnì mi ń wúkọ́ ni."

"Irọ́ ló ń pa! Òun náà ló fi ń sáré bí ẹhànnà lẹ́ẹ̀kan!"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pariwo pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìfigagbága rèé o!"

Ọ̀gá wa dì mọ́ rédíò. "Tẹ bíréèkì! Mo ní kó o dúró!" Ó yíjú sí mi. "Kí ló ń ṣe é? Ṣé kò gbọ́ mi ni?"

"Bóyá rédíò ló bàjẹ́, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ ọ́ létí. Mo rí i tó rọra gba àárín ọkọ̀ wọn àti ògiri kọjá, dígí ẹ̀gbẹ́ ń ha ògiri. Ó kọjá ìlà. Asíá sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti bayé mi jẹ́!" ni ọ̀gá wa kígbe. "Irin la ó fi bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀!"

Ibi tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ ti gun orí pèpéle, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn ti jà láàárọ̀ yẹn lórí orúkọ tuntun, ìjà náà ò yanjú, àwọn sì ti tú ká. Kò sí ìdíje mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rántí ra ife ẹ̀yẹ.

Àwọn awakọ̀ mẹ́ta yẹn fi ìka àbámọ̀ bọnu.

"Ẹ jẹ́ ká tún un sá!"

"Ta ni yóò pàṣẹ ẹ̀?" ni alága dáhùn. "A ti tú ká."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì tú ká, akọ̀wé òṣùwọ̀n, ẹni tó máa ń wọn irin fún ẹni tó bá borí. Ó ti irin dé lórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ìwé wà ní abíyá rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tú ká kí wọ́n tó pa òfin rẹ́, nítorí náà òfin ṣì wà.

"Ẹ buwọ́ lùwé níbí, sà."

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi máa fi ìbínú lé e lọ. Ó kàn ń wo irin náà ni.

"Nítorí kí ni wọ́n ṣe ń fún mi ní irin yìí?"

"Ẹni tó bá borí ni wọ́n ń fún, sà."

"Tún un sọ."

"Ẹni tó bá borí, sà."

Ó buwọ́ lùwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ gbé irin náà sínú ọkọ̀ tó gbé wá láti ilé. Nígbà tí mo fẹ́ wọlé síwájú, ó ní, "Ẹ̀yìn ni kó o jókòó, àbúrò." Ó gbé irin sórí ìjókòó iwájú, ó sì fi bẹ́líìtì dè é dáadáa. Bí a ti dójú títì, ọkọ̀ kan ń fun fèrè lẹ́yìn wa pé ká yà fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi ò yà.