Ìró Tó Wà Lábẹ́ Orin Keje

Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, orúkọ náà ò sì dùn mí. Orin àtijọ́ ni mo máa ń gbá. Bí téèpù bá ti pẹ́ nínú àpótí, á máa hó ṣìì, á máa ta pàrà pàrà, òmíràn á tiẹ̀ gbé ikọ́ ẹni tó ti kú sínú. Èmi ni mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí màá ṣa ìdọ̀tí yẹn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí orin á fi mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá kì í gba nǹkan gbọ́ kíákíá. Bí mo bá gbọ́ ohùn, ohun tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Ọkọ mi ní mo máa ń tẹ́tí sí òun bíi pé téèpù tó bà jẹ́ ni òun.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ wa fẹ́ ṣe àwo kan tí wọ́n máa kó ogún orin fíìmù sí, àwọn tó lókìkí jù, àwọn tí èèyàn máa ń fi súfèé nínú balùwẹ̀ láìrántí fíìmù tí wọ́n ti wá. Èmi ni mo gbá gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orin keje ló kàn mí jù. Inú fíìmù kan ló ti wá, nípa obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tí kò dé. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo olórin á dákẹ́, fèrè kan ṣoṣo á sì máa dá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ fèrè yẹn. Láti kékeré ni Bàbá mi sì ti ń sọ fún wa pé àwọn ni àwọn fọn ọ́n.

Àmọ́ Bàbá mi mọ ìtàn rò. Nígbà mìíràn, òjò ló ń rọ̀ lọ́jọ́ náà; nígbà mìíràn, oòrùn ló ń mú ganrínganrín. Lónìí, fèrè tiwọn ni. Lọ́la, wọ́n yá a ni. Kò sí fọ́tò, kò sí ìwé. Kí Ìyá mi tó kú, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá yín máa rò ó." Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí láti ìgbà yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo gbá orin keje. Ìró kékeré kan wà lábẹ́ fèrè náà, tó, tó, tó, níbi tí gbogbo olórin ti dákẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Ó gba odidi ọ̀sán kan kí n tó yọ ọ́ tán, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Olótùú, tó ń ṣe ìwé pélébé tó máa wà nínú àwo náà, gbé ìwé àtijọ́ kan síwájú mi. Orúkọ gbogbo olórin tó wá lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin keje sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo fi ìka tọ ọ́ dé ibi fèrè. Ọ̀rẹ́ Bàbá mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Sùúrù, tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Orúkọ Bàbá mi ò sí níbì kankan.

"Lọ́la ní aago mẹ́rin ni mò ń fi ránṣẹ́ sáwọn atẹ̀wé," Àǹtí Olótùú wí. "Tí nǹkan kan ò bá tọ́, tètè sọ. Tó bá ti jáde, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni ayé máa gbà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ojú tì mí nítorí Bàbá mi, inú sì bí mi pẹ̀lú, torí mo ti fi fèrè yẹn yangàn nílé ìwé.

Ọ̀dọ̀ wa ni Bàbá ń gbé. Nígbà tí mo délé, wọ́n ń bó ọsàn lórí àga wọn nídìí fèrèsé. Àìsàn kan ti di etí òsì wọn pa láti kékeré. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá wù wọ́n, etí yẹn ni wọ́n máa ń yí sí ọlọ́rọ̀, débi pé nílé wa, bí ẹnì kan bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, a ó ní ó ti yí etí òsì.

Ọ̀tún wọn ni mo jókòó sí. "Bàbá, ta ló fọn fèrè inú orin ọkọ̀ ojú irin yẹn gan-an?"

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Mo rí ìwé ọjọ́ náà. Sùúrù ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Wọ́n yí etí òsì sí mi, wọ́n ń bó ọsàn wọn lọ. Ká ní wọ́n bínú ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀. Mi ò sùn dáadáa.

Láàárọ̀, bí wọ́n ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, mo yọ́ wọ yàrá wọn, mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe ò dáa, mo sì ń ṣe é lọ. Fèrè wà níbẹ̀, tí wọ́n fi táwẹ̀lì wé. Awò ojú Ìyá mi wà níbẹ̀, àti káàdì èsì ìdánwò mi láti kíláàsì àkọ́kọ́. Kò sí ohun kan tó jẹ mọ́ fíìmù. Bí mo ṣe ń dé àpótí náà ni mo gbójú sókè, tí mo rí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń wá?"

"Abẹ́rẹ́ ni."

"Abẹ́rẹ́. Nínú àpótí fèrè." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò bínú rárá, ìyẹn ló wá dùn mí jù. "Jókòó. Sùúrù ló yẹ kó fọn ọ́n. Ibà dá a dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá gbọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé àga rẹ̀ fún, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Mo lọ jókòó síbẹ̀, mo sì dáhùn sí orúkọ rẹ̀. Àwọn tó jókòó tì mí mọ̀, wọ́n panu mọ́. Sùúrù mú mi búra pé mi ò ní sọ ọ́ níta."

"Ẹ sọ ọ́ nílé."

"Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ mi nínú, kí ni kí n ṣe? Ṣùgbọ́n mò ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ má baà mú un lóòótọ́ jù, kí ẹ lọ máa rò ó níta."

Ìtàn náà dùn. Ìtàn wọn kì í ṣaláì dùn. Mò ń wo ẹnu wọn, mò ń wá ibi tó ti já. Wọ́n rí i, wọ́n sì fi ọwọ́ nu ojú.

"Ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ tiẹ̀ jágbe mọ́ mi," wọ́n ní. "Ṣé o mọ̀ pé orin fíìmù gbọ́dọ̀ bá àwòrán dé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n máa ń fún wa ní ìbotí, ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ etí, tí ìró kékeré kan ń ka àkókò nínú rẹ̀. Etí kan lèèyàn máa ń fi bò; ó máa fi ìkejì gbọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi ò ní ìkejì. Mo gbé ìbotí kọ́ etí ọ̀tún ní ìdajì, mo yí ohùn rẹ̀ sókè, kí n lè gbọ́ méjèèjì. Ló bá ní ìbotí mi ń pariwo sínú máìkì."

"Tó, tó, tó," mo wí.

Wọ́n wò mí. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo mú báàgì mi, mo jáde.

Mi kì í da ẹ̀dà tí mi ò tíì gbá nù, ìyẹn ló yọ mí. Mo ṣí orin keje bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìró náà wà níbẹ̀, kékeré, kò yára, kò falẹ̀. Mo wá ṣí ìkẹrìnlá, tí Sùúrù fọn fúnra rẹ̀, tí fèrè ti dá wà bákan náà. Mo yí ohùn sókè dé góńgó. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Àǹtí Olótùú, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. "Bàbá tìẹ lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ara ń fu mí."

"Ó yẹ kó fu yín. Ẹ gbọ́ ọ." Ó gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé rẹ̀ jáde, ó mú bírò, ó ní kí n pe orúkọ Bàbá mi fóun. Aago mẹ́ta ti kọjá. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbàṣẹ.

"Bàbá," mo wí lórí fóònù, "ṣé kí wọ́n kọ orúkọ yín?"

"Oyún ọjọ́ yẹn ti di géńdé," wọ́n ní. "Ó máa ra àwo yẹn. Fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Bí ìwé ṣe lọ nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ Sùúrù. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi, mo yọ orin keje tí mo ti gbá, mo fi èyí tí mi ò gbá sí ipò rẹ̀. Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kejì, ó ní orin keje ní ìdọ̀tí. Mo ní mo mọ̀. Nígbà tí àwo jáde, ẹnì kan kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé ẹni tó tún àwọn orin yìí ṣe mọṣẹ́, àmọ́ ó sùn lọ nígbà tó dé ìkeje. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri, wọ́n fà mí ní yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo fi àwo náà sí ẹ̀rọ nílé. Bàbá sún àga mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n gbé etí ọ̀tún tì í. Ìkeje dé. Gbogbo olórin dákẹ́, fèrè bẹ̀rẹ̀, ìró kékeré yẹn sì ń kà lábẹ́ rẹ̀. Ìka Bàbá ń bá a kà lórí itan wọn. Nígbà tó parí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìgbálẹ̀, o ò gbá ibí yìí."

"Mo gbàgbé ni, Bàbá."

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí o ń wá abẹ́rẹ́ yẹn," wọ́n ní, "kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìbotí, ṣé o ti gbà mí gbọ́?"

Mo la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, wọ́n ti rọra yí etí òsì sí mi.