Ìgbafẹ́ Ọ̀nà Lamingo

Dúrótoyè tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan Píjó rẹ̀, òun náà ló ní kí ìyàwó àtọmọ múra ní Sátidé, kí àwọn lọ gbafẹ́. Afẹ́ kẹ̀! Látìgbà tó ti gbé Ìbíjọkẹ́ wá sí Jọ́ọ̀sì, afẹ́ wọn ò kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún wá fín lọ́fínńdà. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni! Ìbíjọkẹ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n kọjá àwọn adágún tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ní Rayfield, omi ń dán nínú oòrùn. "Kai! Dubi ruwa!" Súmbọ̀ ọmọ wọn ń fi Haúsá pariwo láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ò wo omi kankan, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá Súmbọ̀, níbo lẹ ń gbé wa lọ?"

"Ìyá Súmbọ̀, fọkàn balẹ̀."

Ọkàn wo? Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà Lamingo, ọkùnrin náà yà sọ́nà erùpẹ̀ kan láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo kòtò ibẹ̀ ló mọ̀. Bó ṣe dúró báyìí, arẹwà obìnrin kan yọ lẹ́yìn orọ́ tí wọ́n fi sọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Oga, sannu da zuwa!" Ó tú etí ìró, ó yọ kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ìbíjọkẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó so ìró le. "Dúrótoyè, ọmọ mélòó ló ti bí fún ọ?"

"Ìyàwó mégádì nìyẹn o!" Ó ṣílẹ̀kùn ilé tuntun kan, páànù rẹ̀ ń kọ mànà. "Ilé wa rèé."

"Èyí ti Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?"

Dúrótoyè wolẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń ní àwọn bíríkìlà ló já òun kulẹ̀, tí koríko sì ń bo ìpìlẹ̀ nílé. Ìbíjọkẹ́ sì ti fọ́nnu fáwọn ará ilé pé abẹ́ òrùlé àwọn làwọn máa sùn ní Kérésì yìí.

"Àjò kì í dùn kónílé má relé," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Wọ́n á ní a ti sọnù sókè Ọya."

"Ìyá Súmbọ̀, ṣé àjò la ṣì wà?"

Ẹkún gbọ̀n Ìbíjọkẹ́. Ì bá ṣe obìnrin ni, ì bá mọ bí yóò ṣe lé e lọ. Ta ní í lé ilé?

Súmbọ̀ ń sáré láti yàrá dé yàrá. Ọmọ tó máa ń sunkún bí wọ́n bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé kí wọ́n máa lọ sílé ní Jọ́ọ̀sì, òun ló ń kígbe báyìí: "Gidanmu ne! Màámi, ilé wa!" Ìbíjọkẹ́ ò gbọ́ kó pe ti Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ rí.