Kí Mọ́rísì Yìí Jí Kí Wọ́n Tó Pe Ìrun Jímọ̀ọ̀

Ó tún sín. Ó sín lásán. Mo yí irin níwájú rẹ̀, ó ní hàtíṣì, ó tu epo padà lẹ́nu kábúrétọ̀, ó dákẹ́. Ìgbà mélòó nìyí láàárọ̀ yìí… ogún? Ó lé ní ogún. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Oòrùn ti gun òrùlé ilé baba mi, wọn ò ní pẹ́ pe ìrun Jímọ̀ọ̀, èmi Àjàgbé sì ti fi ẹnu ara mi sọ níwájú gbogbo jàmáà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkọ̀ Mọ́rísì yìí ni n óò gbé wá sí mọ́ṣáláásí lónìí. Mo sọ ọ́. Mo tún lu àyà sí i.

Ràmọ́nì wà níbẹ̀. Ràmọ́nì gan-an ni mo ń sọ ọ́ fún.

Kí ló kù tí n ò ṣe fún ọ, ìwọ ẹ́ńjìnnì yìí? Ríǹgì tuntun ni. Bẹ́ríǹ tuntun ni. Fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọwọ́ mi yìí ni mo fi lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi oṣù kan, títí wọ́n fi ń dán bí ojú ẹja. Epo ń wọlé, mo rí i. Iná ń ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, mo rí i, ó tilẹ̀ gbá mi lọ́wọ́ débi tí mo fi ké pe ìyá mi tó ti kú. Epo wà, iná wà, ọyẹ́ sì ń fẹ́ kárí ayé. Kí ni ọkọ̀ tún ń jẹ?

Àfi tí ẹnìkan bá fi ọwọ́ sí i.

Àfi tí Ràmọ́nì bá… rárá. Ràmọ́nì ò lè dé ìhín. Ìbàdí ń dà á láàmú, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kó máa dà á láàmú. Kó dà á láàmú dáadáa.

Mo ti rí bí yóò ṣe rí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Mo wọ agbádá ẹtù mi, mo gbé Mọ́rísì jáde, n ò ní gba ọ̀nà ọjà, iwájú ilé Ràmọ́nì ni n óò gbà. Díẹ̀díẹ̀. Á ti jókòó síta lórí àga, á máa retí ẹni tí yóò fà á dìde lọ kírun. N óò dúró síwájú rẹ̀, n ò ní pa ẹ́ńjìnnì. N ò ní kí i. N óò kàn tẹ epo sí i kí èéfín bò wọ́n mọ́lẹ̀, òun, àga, ọ̀pá. Àwáwù á jáde wá wo ohun tó ń hó. Á rí ẹni tó di ọkọ̀ mú, á rí ẹni tó ń wúkọ́. Kó fi ojú ara rẹ̀ yàn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ tó bá wù ú.

Àwáwù ìyàwó mi. Ìyàwó tèmi, tí mo fẹ́ ní Támálè, tó bí Kíkẹ́ fún mi… tó wà nílé Ràmọ́nì báyìí. Wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Kíkẹ́ níbẹ̀. Orúkọ ọmọ tèmi ni wọ́n ń pè nínú ilé ọkùnrin yẹn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ta sì ni Ràmọ́nì? Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ni, ní Kùmásì. Ó ń fọ ọkọ̀, èmi ń wà á. Èmi tí bíríkì já mọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́nà Bólígá, tí mo fi jíà nìkan dá lọ́rì dúró pẹ̀lú ẹrù kólà lẹ́yìn. Èmi tí táńkì epo lu mọ́ lọ́wọ́ láàárín yanrìn Agadẹ́ẹ̀sì, tí mo fi ọṣẹ dúdú dí i, tí mo tún wà á fún ọjọ́ méjì. Pámárì tú ni mo ti sá kúrò nílé ìwé, tíṣà ní orí mi le bí àpáta. Tíṣà yẹn kò kọjá Ìsẹ́yìn rí títí ó fi kú. Èmi Àjàgbé, ìlú wo ni n ò dé? Ta ni ń bá mi sọ̀rọ̀ ọkọ̀?

Mo tún yí i. Ó tún sín. Irin yìí tilẹ̀ ta padà, díẹ̀ ló kù kó ṣẹ́ mi lápá.

Ọdún tí ìjọba Gáná lé gbogbo àwa àlejò, n ò sí nílé. Mo fi lọ́rì ẹlòmíì gbé ẹrù lọ sí Wagadúgù. Ràmọ́nì ló wà nílé. Ó kó Àwáwù, ó kó Kíkẹ́, ó kó wọn sínú Mọ́rísì mi yìí, ó wà wọ́n títí dé Ṣakí. Nígbà tí èmi fi padà dé Támálè, ẹlòmíì ti ń dáná lórí ààrò wa. Ni mo bá kọjú sókè, mo lọ sí Níámè. Ọdún mẹ́wàá.

Ọdún kejì nìyí tí mo ti dé. Ẹnu ọ̀nà yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí mi, tó ju àdá sílẹ̀, tó sá wọlé. Wọ́n ti ṣe fìdáù mi. Àwọn àlùfáà ti jókòó, wọ́n ti ka Kùránì, wọ́n ti pa àgbò, wọ́n ti jẹ sàráà òkú mi tán, wọ́n ti nu ẹnu. Lẹ́yìn ọdún kan, Ràmọ́nì fẹ́ Àwáwù. Wọ́n ní ìròyìn ikú mi ló wá láti òkè. Ìròyìn wo? Ràmọ́nì ló wà nídìí rẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Àwáwù wá kúnlẹ̀ níwájú mi, kò wò mí lójú.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Kíkẹ́. Ẹ má bínú. A ti ṣe òkú yín."

Ẹ má bínú. Bí ẹni tó ń sọ fún àlejò pé oúnjẹ ti tán nílé.

Gbogbo Ṣakí wá ń pè mí ní Àjíǹde. Ẹni tó bá fẹ́ kí mi á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kan ilẹ̀. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń lọ fáàfù.

Wọ́n tún ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọkọ̀ yìí. Pé ó gbé e sórí òkúta mẹ́rin sẹ́yìn ilé baba mi, ó fi tapólì bò ó, oṣooṣù ló ń wá yí ẹ́ńjìnnì kó má baà gan, títí ìbàdí fi dá a jókòó. Ìgbà tó jókòó ni ẹ́ńjìnnì tó gan. Kí n dúpẹ́. Olè jí ewúrẹ́ gbé, ó dá okùn padà, ẹ ní kí olówó ewúrẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tó kọjá yẹn, tí mo lu àyà tán, ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń fọ̀ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wá bá yín wò ó. N ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo kàn máa jókòó tì yín."

Mo ní kó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Jàmáà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi. Ràmọ́nì kàn ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ojú yẹn kò kúrò lọ́kàn mi? Ó dùn mọ́ mi, mo ní.

Láàárọ̀ yìí ńkọ́? Kíkẹ́ gbé ẹ̀kọ wá fún mi. Kíkẹ́ ọmọ mi, òun náà ti di ìyá ọmọ. Ó dúró, ó ń wò bí mo ṣe ń làágùn, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n lọ pe bàbá wá bá yín wò ó?" Mo ní, "Bàbá wo?" Ó gbé abọ́ àná, ó lọ. Bàbá wo. Èmi gan-an ni mo bi í ní ìbéèrè yẹn, èmi gan-an ló wá ń dùn.

Ó tó. Ká tún un wò. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo tú púlọ́ọ̀gì iwájú pátápátá, èyí tó sún mọ́ fáànù. Ó tutù rinrin fún epo. Epo dé ibẹ̀, kò rí nǹkan kan jó o. Mo fi àkísà dí ojú ihò náà kí eruku ọyẹ́ má wọ inú sílíńdà. Ká yí irin díẹ̀, ká wo bóyá ohun kan há níbì kan…

Pọ́ọ̀.

Àkísà fò jáde, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Dúró. Dúró ná, Àjàgbé. Tí afẹ́fẹ́ bá lè ti àkísà jáde báyẹn, a jẹ́ pé ihò iwájú yìí ló ti fún epo pọ̀ báyìí. Òun ló kàn kí iná wá bá. Iná wá ń lọ síbo? Mo ṣí ìdérí dúdú tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìka kékeré tó ń yí nínú rẹ̀ kọjú sí ibi tí àmì ọ̀dà funfun wà. Nọ́ńbà wọ́ọ̀nù nìyẹn. Mo fi ọwọ́ tọ waya rẹ̀… ó ń lọ sẹ́yìn. Ó ń lọ sẹ́yìn. Ó lọ sí ihò kẹrin, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí.

Iná ń lọ bá ẹni tó ń tu èéfín rẹ̀ sóde. Ẹni tó fún epo dání ń dúró, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ta ló so waya yìí? Èmi ni. Kò sí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Mo ka ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a ṣe ń ka yàrá nínú agbo ilé: ọ̀dọ̀ baálé la ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, ká tó máa bọ̀ síta. Ta sì ni baálé ọkọ̀ bí kò ṣe dírẹ́bà? Ibi tí mò ń jókòó sí ni mo fi ṣe nọ́ńbà wọ́ọ̀nù. Gbogbo ọdún tí mo fi wakọ̀, n ò so waya rí. Ràmọ́nì ló ń so ó. Òun ló fi ọ̀dà funfun yìí sàmì, ní Támálè, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbi fáànù la ti ń kà á o." Mo ní ṣé èmi ló ń kọ́. Mo ní mo ti mọ̀.

N ò mọ̀.

Mo yọ ti ẹ̀yìn, mo gbé e síwájú. Ti iwájú lọ sẹ́yìn. Mo pààrọ̀ àwọn méjì àárín. Mo dá púlọ́ọ̀gì padà. Ó tán. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń bú ọkọ̀ nítorí èyí, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó máa jí. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí mo bá yí irin yìí, ó máa jí. Ràmọ́nì, múra sílẹ̀ fún èéfín.

Kí ni mo wá ń dúró ṣe?

Ibi tí mo jókòó sí. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ Ràmọ́nì. Tí mo bá ń rò ó fún èèyàn, ọjọ́ tó fẹ́ Àwáwù ni mo fi ń ṣe ọjọ́ kìíní. Tí inú bá bí mi gan-an, mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ fìdáù. Kí ló wá ṣáájú fìdáù? Nǹkan kan wà ṣáájú. Jẹ́ẹ́dé ló wà ṣáájú.

Jẹ́ẹ́dé ọmọ Ṣakí, tó máa ń ta aṣọ dé Níámè. Òun náà ti kú báyìí, kò sí ẹlẹ́rìí. Ọdún kẹrin mi níbẹ̀ ló rí mi ní gáréèjì. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé lọ́rì mẹ́ta ni mo ní ní Níámè… alágbàrù ni mí. Àpò jéró wà lórí mi lọ́jọ́ yẹn, eruku rẹ̀ ti sọ ojú mi di funfun, síbẹ̀ ó dá mi mọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Ó ní Ìyá Kíkẹ́ ń béèrè mi lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti òkè bọ̀, pé ṣé kí òun máa dúró ni. Ó ní Ràmọ́nì ló bẹ òun pé tí òun ò bá rí mi ní Níámè, kí òun wá mi dé Agadẹ́ẹ̀sì.

Ràmọ́nì. Ó ń wá mi.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò sí bàtà níbẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń ti ìdálẹ̀ wọ Ṣakí bẹ́ẹ̀, ìlú tí wọ́n ti ń wo ẹrù lórí ọkọ̀ kí wọ́n tó wo ojú ẹni? Mo rọra sọ àpò jéró kalẹ̀. Mo ní…

Ladánì ti ń pe ìrun. Ọwọ́ mi wà lórí irin, n ò tíì yí i.

Mo ní, "Jẹ́ẹ́dé, sọ fún wọn pé o rí sàréè mi."

Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi, ìyẹn nìkan ni Ṣakí gbà gbọ́.