Ilé Tí Awakọ̀ Kọ́ Sínú Eré

"Fọwọ́ sí i kíá, jọ̀ọ́. Ẹni náà ti ń dúró láti àárọ̀."

Bọ̀ọ̀dá Kíá ló sọ bẹ́ẹ̀, ó fara ti ẹ̀yìn àga Olóhùn-iyọ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí àwọn òbí ọ̀gá yìí sọ ọ́ wà lára káàdì tó gbé kọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é ní gbogbo àjà kẹrin, nítorí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má fi kíá sí ọ̀kan. Olóhùn-iyọ̀ náà, ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá tí wọ́n ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ẹni tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹni tí fóònù rẹ̀ sọ nù, ẹni tí olè wọ àkáǹtì rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo wọn ń pè sí.

Fọ́ọ̀mù tó wà níwájú Olóhùn-iyọ̀ sọ pé ọkùnrin kan, awakọ̀ àjàgbé, ti sọ fóònù rẹ̀ nù, kò sì lè wọ àkáǹtì rẹ̀ mọ́. Ó ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ń dá onínǹkan mọ̀: oṣù tó ṣí àkáǹtì, orúkọ tó kọ́kọ́ sọ ẹṣin rẹ̀, àwọ̀ ẹ̀wù tó kọ́kọ́ wọ̀ wọnú eré. Ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ṣi ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, onínǹkan gidi kì í sábà gbà ju méjì lọ. Ta ló ń rántí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn? Ẹni tó bá ka ìdáhùn látinú ìwé ilé-iṣẹ́ nìkan ni kì í ṣì í.

Olóhùn-iyọ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Ẹṣin funfun inú àkáǹtì náà ni wọ́n ń wá. Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ eré náà nìkan ni ilé-iṣẹ́ fún nírú rẹ̀, kò sì sí òmíràn mọ́, ni àwọn olówó tó fẹ́ fi yangàn bá ń wá a lójú méjèèjì. Bọ̀ọ̀dá Kíá á wo ẹni tó ní ọ̀kan, á fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á, ẹni yẹn á sì kọ fọ́ọ̀mù. Ohun tó kù kò ju ọwọ́ méjì lọ: òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ọ̀gá á wá fi tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ò lè dá a ṣe. Wọ́n ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jalè ni.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹni yìí ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà níbí." Òṣìṣẹ́ kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ló kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò: Awakọ̀ ti di olóògbé. Ìyàwó rẹ̀ ló ń lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Kíá kà á, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "O ṣáà mọ òfin. Àkáǹtì òkú, títì là ń tì í pa. Ṣé kí n tì í pa ni? Ta nìyẹn fẹ́ ṣe lóore? Ó sàn kí alààyè máa lò ó. Àbí òkú ló kọ fọ́ọ̀mù sí wa ni?" Ó rẹ́rìn-ín àwàdà ara rẹ̀ tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kọ́ńtíráàtì rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi fún ìsọdọ̀tun lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ń lọ, ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀."

"Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Fọwọ́ sí i kíá."

Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó ẹ̀rọ náà, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Olóhùn-iyọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti lọ sunkún. Nígbà kẹta, orí fọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Lónìí, ara rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un. Ó wo aago, ó rí i pé àkókò oúnjẹ ti tó, ó lọ jẹun, ó sì jẹun yó.

Ìpè tó kọ́kọ́ wọlé nígbà tó padà dé ìdí iṣẹ́ jẹ́ ti obìnrin àgbà kan.

"Ẹ káàsán o, ọmọ mi. Agbẹ̀bí ni mí. Mo fẹ́ wọ ilé mi, kò gbà mí wọlé."

"Ẹ káàsán, mà. Ilé wo nìyẹn, mà?"

"Èyí tó wà nínú eré yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà àkáǹtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka egbòogi fún aláìsàn. Kò tíì kà á dé ìdajì tí Olóhùn-iyọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó ṣí i. Ilé alájà méjì yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọgbà yí i ká, àga méjì wà níwájú rẹ̀. Iná kékeré kan ń tàn nísàlẹ̀, ó ń sọ pé onílé wà nínú ilé lọ́wọ́. Onílé tuntun ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn ni iye bíríkì tó kù lára ilé náà wà, iye náà sì ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó gba ẹṣin ń wó ilé láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe pápá ìsáré.

"Ọkọ mi ló kọ́ ọ," obìnrin náà ń sọ. "Awakọ̀ àjàgbé ni. Bí wọ́n bá ti ń já ẹrù ọkọ̀ rẹ̀, á jókòó síwájú ọkọ̀, á máa fi fóònù kọ́lé. Ó ní a ti gbé ilé onílé fún ọdún méjìlélógún, ó kéré tán, kí n rí èyí pè ní tèmi. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní ilé tí òjò ò lè rọ̀ lé lórí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó gba ohùn rẹ̀ sára gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé eré yín ń gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn iwájú, á ní, 'Agbẹ̀bí, káàbọ̀. Ọmọ mélòó ló gba ọwọ́ rẹ wáyé lónìí?' Èmi náà á sì dá a lóhùn. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú o. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo kàn máa ń dá a lóhùn ni."

Ilẹ̀kùn iwájú ti lọ. Àwọn àga méjèèjì náà ti lọ.

Bọ́tìnnì pupa kan wà lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà. Bí Olóhùn-iyọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo nǹkan á dúró síbi tó bá a, ìdajì ilé á ṣẹ́kù, ìwé rẹ̀ á sì gba òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Àwọn yẹn á béèrè ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó gbé ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà lọ sórí bọ́tìnnì ọ̀hún, ó sì fi í síbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi, ọmọ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, mà."

"Ti ilé ìdáná ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ní, 'Mo ti fọ abọ́ o, má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.' Irọ́ ńlá! Ọkùnrin yẹn ò fọ abọ́ rí láyé rẹ̀. Mi ò ní ohùn rẹ̀ níbòmíràn. Fóònù rẹ̀ bá a jóná nínú ọkọ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti gba àkáǹtì náà, kó máa mú ẹṣin rẹ̀ lọ, mi ò bá a dù ú. Ṣé ẹ lè bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wọlé lẹ́ẹ̀kan péré? Kí n gba ohùn yẹn sórí fóònù mi. Kò lè gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

Ilé ìdáná lọ. Àjà òkè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iye bíríkì di mẹ́rìnlá, ó di mẹ́ta, ó di òdo, pápá tútù minimini sì tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọfà ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Ìka Olóhùn-iyọ̀ kò kúkú gbọ̀n rárá, èyí sì ya òun alára lẹ́nu díẹ̀.

"Ilé ò sí níbẹ̀ mọ́, mà."

Lẹ́yìn agbẹ̀bí náà, nínú fóònù, ọmọ tuntun kan ń ké, ẹnì kan sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Kí ni mo ṣe?" ló wá béèrè.

"Mà?"

"Mo ní kí ni mo ṣe tí wọ́n fi rọ́nà wọlé. Mi ò sọ páásíwọ́ọ̀dù fún ẹnì kankan, ọmọ bíbí inú mi ò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, èmi nìkan ló ń rí i. Gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá kọ pé ká ṣọ́ra, mo máa ń kà á dé ìparí. Nítorí náà, mo fẹ́ mọ̀. Ibo ni mo ti ṣe é tì?"

Wọ́n ń gba gbogbo ìpè sílẹ̀ nínú yàrá yẹn. Bọ̀ọ̀dá Kíá jókòó síwájú, ó ń tẹ fóònù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ṣé ẹ máa ń yí páásíwọ́ọ̀dù yín padà, mà?"

"Lóṣooṣù. Bí ẹ ṣe ní ká máa ṣe é."

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló yẹ kó jẹ́, mà."

Kò síbi tí ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sí bẹ́ẹ̀. Ó kàn ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, pẹ̀lú ohùn dídùn kan náà tó fi ń kí ènìyàn káàsán.

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀." Agbẹ̀bí tún un sọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀. A jẹ́ pé ẹ̀bi mi ni. Ọkùnrin kọ́lé fún mi tán, títì lásán, mi ò mọ̀ ọ́n tì." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀ gan-an. Màá sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má baà ṣe irú àṣìṣe mi."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí wọ́n gba ìpè mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yan ìdí tí àkáǹtì fi bọ́ lọ́wọ́ onínǹkan, mẹ́ta péré ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ fún wọn láti yàn. Olóhùn-iyọ̀ yan ìkejì, àìṣọ́ra oníbàárà, ó sì dá ẹni tó kàn lóhùn.